Ariwo tó mọ oòrùn: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin nínú ilé onísólà kan ní Àpáta

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ní Àpáta, Ìbàdàn. Bàbá onílé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé òkè. Ọmọ wọn obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìbejì, ló ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà nísàlẹ̀: kọ̀ǹpútà mẹ́rin, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì, ẹ̀rọ fọ́tókópì kan. Oṣù méjì ṣáájú kí n tó débẹ̀ ni wọ́n gbé sólà sórí òrùlé. Láti ìgbà náà ni rédíò Bàbá ti ń hó bí epo tó gbóná, tí íntánẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ sì ń já lójú ọ̀sán, nígbà tí oníbàárà pọ̀ jù.

Wọ́n ti pààrọ̀ router lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó pè mí. Wọ́n ti ra rédíò tuntun fún Bàbá. Ẹni tó gbé sólà sókè ní iṣẹ́ òun pé. Àwọn tó ń ta dátà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn dára. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn: sólà ń gba iná, router ń ṣiṣẹ́, rédíò kò bàjẹ́. Ìgbà tí gbogbo wọn pàdé nínú ilé kan ṣoṣo ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe sólà, ẹ̀yin tí ẹ ń fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti ẹnikẹ́ni tó ń náwó sórí router nígbà tó jẹ́ pé ara wáyà ni àìsàn wà, ni mo ṣe kọ èyí sílẹ̀ bó ṣe lọ, títí kan ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe.

Ọjọ́ kìíní: ìwé Bàbá

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo débẹ̀ pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ mi. A kò tíì tú àpò irinṣẹ́ tí Bàbá fi gbé ìwé kan lé mi lọ́wọ́, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n ti fi ń kọ ọ́. Lójoojúmọ́ ni wọ́n kọ aago tí ariwo bẹ̀rẹ̀ àti aago tó dákẹ́. 6:58 àárọ̀ sí 6:31 ìrọ̀lẹ́. 7:04 sí 6:27. Ọjọ́ kẹrin, òjò ṣú láti ìdájí. Bàbá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ariwo títí di 10:40.

"Ẹnjiníà," Bàbá wí, "ariwo yìí mọ oòrùn. Bí oòrùn bá ti ń yọ ni òun náà ń yọ. Mo sọ fún àwọn ọmọ yìí, wọ́n ní ọjọ́ orí ló ń dà mí láàmú."

Mo ní, "Kì í ṣe ọjọ́ orí o, Bàbá. Ẹ ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́ náà."

Òótọ́ ni mo sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí sí irú ọ̀rọ̀ yìí, aago ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè, nítorí pé ohun tó ń pariwo ní ìgbà tó ń jí àti ìgbà tó ń sùn. Mo sọ ìtàn Aberhosan fún Bàbá, abúlé kan ní Wales, ní ilẹ̀ Bírítéènì. Oṣù méjìdínlógún ni íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo abúlé náà fi ń kú láàárọ̀. Wọ́n pààrọ̀ wáyà, kò ràn án. Ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ gbé ẹ̀rọ tó ń wo ìgbì rédíò rìn káàkiri abúlé láàárọ̀ kùtù ni wọ́n rí i pé láago méje gééré, ariwo kan ń bú jáde láti ilé kan. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan ni, tí onílé máa ń tàn láago méje lójoojúmọ́. Onítọ̀hún kò mọ nǹkan kan. Wọ́n pa á, wàhálà tán. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Aago náà ló tú u fó."

Páńẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ kì í pariwo. Iná tó ń ti ara rẹ̀ jáde ń ṣàn jẹ́ẹ́ bí omi odò. Àpótí ínfátà tó ń gbà á, tó ń sọ ọ́ di ohun tí bátìrì lè jẹ, òun ni kí ẹ fura sí. Nínú rẹ̀ ni MPPT wà, ẹ̀rọ tó ń fa agbára tó pọ̀ jù lọ jáde lára páńẹ́ẹ̀lì, tó ń tan iná náà tó sì ń pa á ní ẹgbẹẹgbàárùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kì í sì í tàn án díẹ̀díẹ̀. Gán-ún ló ń já a, bí ẹni fi àdá gé okùn. Níbi jíjá gán-ún yẹn ni ariwo ti ń jáde. Ìlù tí ó ń lù ní 50 kHz, ìyẹn ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ní dúró sí 50. Yóò tún dún ní 100, ní 150, ní 200, yóò máa gòkè bẹ́ẹ̀ títí yóò fi wọ inú MW (medium wave) àti SW (short wave) níbi tí Bàbá ti ń wá BBC láàárọ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun rárá. Nígbà tí Heinrich Hertz fi hàn ní ìlú Karlsruhe ní Jámánì, láti ọdún 1887, pé ìgbì iná lè gba inú afẹ́fẹ́ kọjá láìsí wáyà, iná tó ń ta pàrà láàárín irin méjì ló lò. Rédíò àkọ́kọ́, ariwo ni. Gbogbo ibi tí iná bá ti ń já tó tún ń so kíákíá, ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré ni, tí ẹnikẹ́ni kò fún ní ìwé àṣẹ. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní electromagnetic interference, EMI. Ariwo iná ni èmi ń pè é fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ó sì ń yé wọn.

Irinṣẹ́ tí mo fi ń wá a kò wọ́n. Rédíò kékeré kan ni, olóbátìrì méjì. Mo yí i sí MW, sísàlẹ̀ níbi tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, mo gbé ohùn rẹ̀ sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nínú ilé ìdáná, ṣáà, ṣáà lásán. Nígbà tí mo dé ibi àkàsọ̀, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ ṣáà yẹn bí ẹ̀fọn nínú ìgò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfátà, ó ti di igbe. Mo ti fẹ́ máa sọ pé mo ti rí i, ni ọmọ iṣẹ́ mi bá gba rédíò lọ́wọ́ mi, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta.

"Ọ̀gá, ẹ wá gbọ́ tibí."

Ìta gbangba, kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, igbe náà sì ju ti ẹ̀gbẹ́ ínfátà lọ. Mo gbójú sókè. Wáyà pupa láti orí òrùlé gba apá òsì iwájú ilé sọ̀ kalẹ̀. Wáyà dúdú gba apá ọ̀tún. Láàárín wọn, ó tó mítà mẹ́ta. Ẹni tó fà wọ́n fẹ́ kí iwájú ilé rí mọ́ ni, ó tẹ̀ lé igun ògiri. Ṣùgbọ́n wáyà méjì tí iná ń gba ọ̀kan lọ tó ń gba èkejì bọ̀, bí wọ́n bá jìnnà síra, òrùka ńlá ni wọ́n ṣe, òrùka náà sì ni áńténà. Bí òrùka bá ṣe fẹ̀ tó ni ariwo rẹ̀ ṣe ń ròkè tó. Wọ́n ti so áńténà mọ́ ilé Bàbá bí ẹni so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí.

Ó kù kí n fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Ìyá Ìbejì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo ní kó rán ping 500 sí router, ìyẹn ọ̀rọ̀ kúkúrú tí kọ̀ǹpútà ń rán lọ láti mọ̀ bóyá èsì máa padà wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wáyà wọn ṣe rìn: router wà lókè lẹ́bàá fèrèsé, torí pé ibẹ̀ ni 4G ti dára, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bíi mítà 18 ló sọ̀ kalẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Nínú 500 yẹn, 61 ṣègbé. Mo gòkè, mo pa búrékà páńẹ́ẹ̀lì. Rédíò Bàbá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ bo ọmọ tó ń sunkún lẹ́nu. Ping 500 mìíràn: kò sí ẹyọ kan tó sọnù. Mo tàn án padà, mo tún pa á, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, èsì kan náà ló ń jáde. Ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ àkọsẹ̀bá. Mi ò gba ẹ̀ẹ̀kan gbọ́ rárá nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ jọ̀wọ́, búrékà ni kí ẹ fi pa á. Ẹ má ṣe fa wáyà páńẹ́ẹ̀lì yọ nígbà tí oòrùn wà lókè tí iná ń ṣàn nínú rẹ̀. Iná sólà kì í yí padà bíi ti NẸ́PÀ, nítorí náà bí ó bá ta pàrà, kì í tètè kú. Ó lè jó ọwọ́, ó lè jó ilé.

Ọjọ́ kejì: wọ́n ya ìbejì

Ìbéèrè kan kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹ kó lè gba irú ariwo yìí mọ́ra. Ìdí tí wọ́n fi lọ́ wáyà rẹ̀ ní méjì-méjì nìyẹn. Alexander Graham Bell ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yẹn ní ọdún 1881 fún wáyà tẹlifóònù, a sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀ títí dòní. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan ń gbé, èkejì ń gbé òdìkejì rẹ̀. Bí ariwo bá kọlù wọ́n láti ìta, torí pé wọ́n lọ́ mọ́ra, iye kan náà ló máa bá àwọn méjèèjì. Ẹ̀rọ tó wà lópin kì í wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé wá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló ń wò. Ariwo tó bá méjèèjì dọ́gba kò ní ìyàtọ̀, ó pòórá.

Kí ló dé tí tiwọn kò fi pòórá? Mo gbé ẹ̀rọ ìdánwò oníná mẹ́jọ sí i. Iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tàn létòlétò, ọ̀kan sí ọ̀kan, èjì sí èjì. Ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ì bá dúró sí. Mo gé orí RJ45 náà, orí oníke tó wà lẹ́nu wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kúrò, mo fà á sábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, mo ka àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀ láti òsì: ọsàn onífunfun, ọsàn, ewé onífunfun, ewé, búlúù onífunfun, búlúù, búráùn onífunfun, búráùn.

Ó tò lẹ́sẹẹsẹ, ó wu ojú. Àṣìṣe sì ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì 100 Mbps ń lo ihò 1 pẹ̀lú 2, àti ihò 3 pẹ̀lú 6. Kì í ṣe 3 pẹ̀lú 4. Bí wọ́n ṣe tò ó yìí, ewé onífunfun wà ní ihò 3, búlúù wà ní ihò 6. Àwọn méjì tó yẹ kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kò jọ lọ́ mọ́ra nínú wáyà. Ọ̀kan lọ́ mọ́ ẹlòmíràn, èkejì lọ́ mọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ oníná mẹ́jọ kò lè rí i, nítorí pé ohun tó ń béèrè kò ju bóyá wáyà dé òdìkejì lọ. Kò béèrè ẹni tó bá a rìn.

Mo ń ṣàlàyé fún ọmọ iṣẹ́ mi, Ìyá Ìbejì dúró lẹ́yìn wa ó ń gbọ́. Ó ní, "Bùọ̀dá Ẹnjiníà, ẹ ń sọ pé wọ́n ya Táyé kúrò lára Kẹ́hìndé, wọ́n wá ní kí wọ́n jọ gbé ẹrù."

Mi ò gbọ́ àlàyé tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Òun ni mo ń lò báyìí.

Oṣù méjì sẹ́yìn, kí sólà tó dé, àṣìṣe yìí ti wà nínú wáyà náà. Ilé dákẹ́ nígbà náà, wáyà kò sì gùn, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ariwo dé ló bá wáyà tí kò ní ààbò. Ìkejì tún wà. Nígbà tí mo tú páìpù tó gba ẹ̀gbẹ́ àkàsọ̀ sọ̀ kalẹ̀, mo bá wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti wáyà pupa ti sólà nínú páìpù kan náà, wọ́n jọ rìn fún bíi mítà mẹ́rin, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ìkẹta: wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà kì í ṣe bàbà pọ́ńbélé. Mo fi ọ̀bẹ họ ọ̀kan, pupa òde ṣí, funfun inú yọ. Alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn lára ni. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́jà, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, ó sì ń já bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

A fa mítà 20 wáyà bàbà gidi, Cat5e, gba ẹ̀yìn ilé níbi tí kò ti sí wáyà iná. Níbi tó ti di dandan kó pàdé wáyà iná, a jẹ́ kó dábùú rẹ̀ kọjá, kò bá a rìn. Mo fún orí rẹ̀ bó ṣe yẹ: ọsàn onífunfun, ọsàn, ewé onífunfun, búlúù, búlúù onífunfun, ewé, búráùn onífunfun, búráùn. Mo ṣọ́ra kí n má tú lílọ́ rẹ̀ ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ kó tó wọ orí. Owó wáyà náà kò tó ìdá mẹ́rin owó router kan nínú méjì tí wọ́n ti rà.

Láago kan ọ̀sán, oòrùn ń ta, sólà ń ṣiṣẹ́ ní kíkún. Ping 500. Méjì sọnù. Mo tún un ṣe, ọ̀kan. Ìyá Ìbejì ti fẹ́ máa dúpẹ́, mo ní kó ṣì fún mi láyè, torí pé mi ò tíì fọwọ́ kan ilé tí ariwo ti ń jáde.

Ọjọ́ kẹta: wáyà òrùlé, àti àṣìṣe mi

Ìdájí ni a bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó mú. A tú wáyà pupa kúrò ní igun òsì, a mú un wá bá dúdú ní igun ọ̀tún, a fi okùn ọ̀rá dì wọ́n pọ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́wàá-mẹ́wàá láti orí òrùlé dé ínfátà. Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀ ju kí alọ àti àbọ̀ fara kan ara wọn. Nígbà tí oòrùn dé, mo gbé rédíò kékeré sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta. Igbe àná ti di kíkùn lásán. Iṣẹ́ wákàtí méjì, kò ná wa ju okùn ọ̀rá lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ fi ferrite sí i. Kókó dúdú tí ẹ ń rí lẹ́nu wáyà kọ̀ǹpútà àtijọ́, òun ni ferrite. Àwọn ará Japan méjì, Yogoro Kato àti Takeshi Takei, ló ṣe é ní Tokyo ní ọdún 1930. Ìpẹtà irin tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sun bí ìkòkò ni. Iná tó ń ṣàn jẹ́ẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́. Ariwo tó ń gbọ̀n kíákíá ló ń dí lọ́nà. Àwọn kékeré ti ẹnu wáyà kọ̀ǹpútà kò lè ran irú ariwo yìí lọ́wọ́ púpọ̀, torí pé ìgbì tó ga ju ti SW lọ ni agbára wọn wà. Òrùka ferrite ńlá ni mo ti ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ọjà Aláàbà l'Ékòó, ó bá ọkọ̀ wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Mo mú wáyà pupa, mo yí i mọ́ òrùka náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo tan búrékà. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Mo dúró síbẹ̀ mo ń wò ó. Òrùka náà kò bàjẹ́. Èmi ni mo lò ó ní ìlòkulò. Iná bí àmpù 15 ló ń gba wáyà pupa kọjá lọ́sàn-án. Bí òun nìkan bá yí mọ́ ferrite, agbára òòfà rẹ̀ á kún inú òrùka náà fọ́fọ́, bí kànìnkànìn tó ti mu omi yó, kò ní lè gba nǹkan kan mọ́. Wáyà méjèèjì ló yẹ kó jọ wọlé, kí wọ́n jọ kọrí sí ọ̀nà kan náà. Nígbà náà, òòfà alọ àti òòfà àbọ̀ á pa ara wọn, òrùka á wà ní òfìfo, ariwo tó bá ń gun àwọn méjèèjì pọ̀ ni yóò sì dojú kọ ọ́. Mo mọ èyí tẹ́lẹ̀. Mo kánjú ni.

Mo tú u, mo fi pupa àti dúdú wọlé pọ̀, mo yí wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Wáyà náà nípọn, kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iye yíyí ṣe pàtàkì: ẹ̀ẹ̀mẹta kì í ṣe ìlọ́po mẹ́ta agbára, ìlọ́po mẹ́sàn-án ni. Mo tan búrékà. Bàbá wà nínú yàrá wọn, wọn kò mọ ohun tí a ń ṣe. Mo gbọ́ tí wọ́n kígbe, "Ó ti ń sọ̀rọ̀ o!"

Wáyà ilẹ̀ (earth), tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, náà wà níbẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ tún ṣe. Ẹni tó so ínfátà ti gé wáyà ilẹ̀ rẹ̀ kúrò, irin páńẹ́ẹ̀lì kò sì ní ilẹ̀ rárá. A ri ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, a so irin páńẹ́ẹ̀lì àti ara ínfátà mọ́ ọn. Èyí kì í ṣe ti ariwo nìkan, ẹ̀mí èèyàn ló wà nídìí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí ẹ gé wáyà ilẹ̀ kí ariwo lè dín kù, ẹ má gbọ́ tirẹ̀.

Ping 500 ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta: òdo, òdo, òdo. A kó irinṣẹ́ wa, a lọ sílé.

Láago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú lálẹ́, fóònù mi dún. Bàbá ni.

"Ẹnjiníà, má bínú pé mo pè ọ́ lálẹ́. Amúlùdùn ò dún."

Ọjọ́ kẹrin: gílóòbù

Ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn ni Amúlùdùn, lórí 99.1 FM. FM ni, kì í ṣe MW tàbí SW. Àlẹ́ ni, páńẹ́ẹ̀lì ti sùn. Kò lè jẹ́ ohun tí a ti ń bá jà láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo bi Bàbá bóyá ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ó ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n ariwo ọ̀sán pọ̀ débi pé wọn kò ka ti alẹ́ sí. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn: bí ẹ bá lé olè ńlá lọ, ìgbà náà lẹ ó tó gbọ́ ti eku nínú àjà.

Mo padà lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀, mo dúró kí ilẹ̀ ṣú. Bàbá tan rédíò, Amúlùdùn ń dún ketekete. Wọ́n tan iná pálọ̀, gílóòbù LED mẹ́fà tí wọ́n rà lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n ra sólà. Ṣíí! Ohùn olóòtú ètò náà rì. Mo gun àga, mo ń tú gílóòbù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kíní, kò sí ìyàtọ̀. Ìkejì, ariwo dín. Ìkẹta, ìkẹrin, kò sí nǹkan. Ìkarùn-ún, Amúlùdùn padà dé. Méjì péré nínú mẹ́fà. Orúkọ kan náà ló wà lára páálí wọn.

Mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí n tú ọ̀kan. Nínú rẹ̀, bọ́ọ̀dù kékeré tí kò tó owó ẹyọ méjì. Iná NẸ́PÀ wọlé, ó lọ tààrà sí ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di DC, iná tí kì í yí padà, ó bọ́ sí ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń já a tó ń so ó. Kò sí nǹkan kan láàárín. Ṣùgbọ́n lórí bọ́ọ̀dù náà, ẹni tó yà á ti fi àyè sílẹ̀: wọ́n kọ L1 síbi kan, wọ́n kọ CX1 síbi kejì. L1 ni okùn bàbà tó yẹ kó dí ariwo lọ́nà kó má bàa padà sínú wáyà ilé. CX1 ni kapásítọ̀ tó yẹ kó gbé e mì. Àyè CX1 ṣófo. Lórí L1, wọ́n jó ègé wáyà kan mọ́ ọn, kí iná lè ṣáà kọjá. Ẹni tó ya bọ́ọ̀dù náà mọ ohun tó yẹ. Ẹni tó tà á ló yọ ọ́ kúrò, kí èrè lè fi díẹ̀ lé sí i. Inú mi kò dùn nígbà tí mo rí i. Láti ọdún 1934 ni CISPR, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń ṣòfin lórí irú ariwo yìí, ti wà. Ó ti ń lọ sí ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn èèyàn ti mọ bí wọ́n ṣe ń dí i, a sì ń ta gílóòbù tí wọ́n ti yọ ohun tó ń dí ariwo náà kúrò fún bàbá arúgbó tí rédíò nìkan ń bá sọ̀rọ̀ lálẹ́.

A fi gílóòbù mìíràn rọ́pò àwọn méjì yẹn. Mo kọ́ Ìyá Ìbejì bí yóò ṣe máa dán gílóòbù wò kó tó rà á: kó gbé rédíò FM dání lọ sọ́jà, kó yí i síbi tí ilé-iṣẹ́ rédíò kan kò ti le púpọ̀, kó ní kí wọ́n tan gílóòbù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí rédíò bá hó, kó dá a padà.

Kí n tó kúrò, ó ní òun ní nǹkan kan tí òun ń tijú láti sọ: máòsì tí kò ní wáyà lórí kọ̀ǹpútà kejì máa ń fò, á dúró, á tún fò, pàápàá bí oníbàárà bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì. Mo wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà. Dongle máòsì, ohun kékeré tó ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìsí wáyà, wà nínú ihò USB. Nínú ihò tó kàn án gan-an ni wọ́n máa ń ki hard disk USB 3.0 bọ̀. Ní ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ Intel fúnra wọn kọ ọ́ síta pé ariwo USB 3.0 ń bọ́ sórí 2.4 GHz, ibi tí máòsì aláìníwáyà àti Wi-Fi ń gbé. Mo fa dongle máòsì náà yọ, mo fi wáyà USB kúkúrú kan gbé e wá síwájú, jìnnà sí hard disk. Kò fò mọ́.

Ohun tó kù: ní ọ̀sán gangan, bí Bàbá bá wá ilé-iṣẹ́ tó jìnnà lórí SW, kíkùn díẹ̀ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé fún mi, 12:15 sí 1:50, wọ́n fi "kò pọ̀" sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fura pé wáyà tó ti ínfátà lọ sí bátìrì ni. Òun náà ṣì tàn ká sórí ilẹ̀, wọn kò dì í pọ̀. Mo ti tún ránṣẹ́ sí Aláàbà fún òrùka méjì sí i. Tí wọ́n bá dé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ọjọ́ Sátidé ni a óò padà lọ, a óò sì pa gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ kùtù kí a tó fọwọ́ kan orí bátìrì.